Wọ́n Ní Erin Wà Nínú Igbó Ọmọ: Ta Ló Kà Á?

Gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá jáde pé erin ṣì ń bẹ nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ máa ń pín àwọn èèyàn sí méjì. Àwọn kan á ní irọ́ ni, torí àwọn ti gba J4, abúlé kan nínú igbó náà, kọjá láìmọye ìgbà, àwọn ò rí ọ̀kẹ́rẹ́, ká má tíì sọ erin. Àwọn kejì gbà pé erin wà, iye rẹ̀ ni kò yé wọn. Ìròyìn kan á ní wọn ò ju díẹ̀ lọ, òmíràn á ní wọ́n pọ̀ súà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ pé òun to erin sójú kan kí òun tó kà wọ́n.

Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ibi tí ìdáhùn wọn ti pàdé ni pé nínú ẹgàn, ohun tí ẹran fi sílẹ̀ là ń rí ju ẹran fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wò á rí púpọ̀ láìfojú kan ẹran kankan. Iye tí ìròyìn ń gbé jáde, láti ara ohun tí ẹran fi sílẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀.

Kí là ń pè ní ẹgàn?

Ẹgàn ni igbó ńlá tí òjò ń rọ̀ sí gan-an, tí orí igi rẹ̀ so kọ́ra débi pé oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ilẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Orí igi tó so kọ́ra yìí máa ń wà ní nǹkan bí mítà 30 sí 40 sókè, àwọn òmìrán bí àràbà á tún yọrí kọjá wọn. Òkè yẹn ni ewé tútù, òdòdó àti èso pọ̀ sí, òkè yẹn náà sì ni ọ̀bọ, ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé. Ní ìsàlẹ̀ tí àwa ń rìn, ojú kì í sábà ríran kọjá mítà 20 sí 30 kí ewé tó dí i.

Ọ̀dàn yàtọ̀ sí èyí. Old Oyo National Park, ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn fíìmù tí a ti ń rí erin tó ń tò lọ lórí koríko, ilẹ̀ Kenya tàbí Tanzania ni wọ́n ti sábà máa ń yà wọ́n, ọ̀dàn nìyẹn náà. Ẹni tó bá fi ojú ọ̀dàn wọ ẹgàn, á pa dà wá sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Igbó Ọmọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹgàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ láti 1925, ó fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà níbùú lóròó lọ, UNESCO sì ti kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí gbogbo ayé bá wa ṣọ́ láti 1977. Àmọ́ oko igi Gmelina, oko kòkó àti abúlé ti gba apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Apá tí wọ́n kà léèwọ̀ pátápátá ní 1946 kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 460 lọ. Ẹni tó ń wá erin láti ojú wíńdò mọ́tò, oko lásán ló ń wò.

Irú erin wo là ń sọ?

Ó dáa ká tètè yanjú èyí, torí fídíò ibòmíràn pọ̀ lórí WhatsApp tí wọ́n ń pè ní ti Ògùn. Erin igbó ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 2021, àjọ IUCN tó ń to àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run lẹ́sẹẹsẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára erin ọ̀dàn, wọ́n sì fi í sí ìpele tó léwu jù lọ kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Ó kéré ju ti ọ̀dàn lọ, etí rẹ̀ rí roboto, eyín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tọ́ sísàlẹ̀. Erin ọ̀dàn ní tiẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ fẹ̀ dé èjìká, eyín rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ síta kó tó yí sókè. Tí ẹ bá rí erin tí eyín rẹ̀ tẹ̀ báyìí, tó dúró láàárín koríko gbígbẹ, tí ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú ni, ẹ má wulẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Irú àṣìṣe yìí ló ń sọ ìnàkí di gọ̀rílà. Gọ̀rílà tó kù ní Nàìjíríà, apá Cross River ló wà. Ìnàkí, ẹ̀dá aláìnírù tó jọ èèyàn yẹn, ló ṣì ṣẹ́kù díẹ̀ nínú àwọn igbó Ọmọ, Ìdànrè àti Ìsẹ̀ ní Èkìtì.

Kí ló dé tí a kì í fi rí wọn?

Wọ́n ti gbọ́ wa kí a tó dé. Ẹtu tí kò ju bíi kílò mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ kì í rìn lágbo. Tó bá gbúròó ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ dúró gbagidi, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Erin, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ débi pé kì í dún bí ó ṣe yẹ kí ẹran ńlá dún. Ìnàkí gbọ́n ju kó jẹ́ kí a bá òun. Òkété, akika, òfàfà àti ẹtà, òru ni tiwọn. Níbi tí ìbọn bá sì ti ń dún lemọ́lemọ́, àwọn tó ń jẹ̀ lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀ náà á sọ ara wọn di ẹran òru.

Ìdí nìyí tí ọdẹ àgbà àti ẹ̀ṣọ́ igbó fi ń wolẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń wòkè lọ.

Kí ni wọ́n ń wò nílẹ̀?

Ẹsẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ iwájú erin rí roboto, ti ẹ̀yìn gùn díẹ̀ bí ẹyin. Tí ẹ bá fi tépù wọn etí ẹsẹ̀ iwájú yí po, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ ó súnmọ́ bí erin náà ṣe ga tó láti ilẹ̀ dé èjìká. Ẹsẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 110 yípo, erin tó ga tó mítà méjì àti díẹ̀ ló ni ín. Ẹtu ní tirẹ̀, pátákò méjì ṣóńṣó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ti túùkú fẹ̀, orí rẹ̀ kò sì ṣóńṣó bíi ti ẹtu, bí ilẹ̀ bá sì rọ̀, àmì pátákò kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn á hàn pẹ̀lú rẹ̀. Àmì tó tún dájú ju ẹsẹ̀ túùkú lọ ni ilẹ̀ tó fi imú tú káàkiri.

Bí ẹsẹ̀ náà ṣe pẹ́ tó ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe tóbi lọ. Bí etí rẹ̀ bá ṣì mú, tí ewé kankan kò tíì já bọ́ sínú rẹ̀, tí aláǹtakùn kò tíì ta òwú sórí rẹ̀, kò tíì pẹ́. Bí òjò bá rọ̀ lóru, tí ojú ẹsẹ̀ náà kò ní àmì ẹ̀kán omi, ẹran náà kọjá lẹ́yìn òjò. Ẹ ti mọ àsìkò tó kọjá nìyẹn, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Erin tún máa ń fi ẹrẹ̀ sára igi níbi tó bá ti fara ha á. Gíga ẹrẹ̀ náà á sọ gíga ẹran. Yóò bó èèpo igi, yóò ṣẹ́ ẹ̀ka, ojú ọ̀nà rẹ̀ á sì mọ́ ju èyí tí ọmọ èèyàn fi àdá là lọ. Òòrẹ̀ á fi ẹ̀gún ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹtà ní ibi kan tó máa ń yàgbẹ́ sí léraléra, èèpo ọ̀kùn sì máa ń pọ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, torí pé ó ń jẹ ọ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ẹran kò lè fẹnu kàn.

Ìgbẹ́ ni ẹ̀rí tó sọ̀rọ̀ jù. Ìgbẹ́ erin máa ń wà ní odidi-odidi, fọ́nrán igi àti hóró èso ló kún inú rẹ̀. Hóró òro, èyí tí à ń fi se ọbẹ̀ àpọ̀n, wà lára ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀, torí odidi èso náà ni erin ń gbé mì, hóró rẹ̀ á sì bọ́ síbòmíràn láìfọ́. Ọ̀pọ̀ igi inú ẹgàn ló jẹ́ pé erin ló gbìn wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìgbẹ́ náà á máa dán, á máa rùn, eṣinṣin á bò ó. Lẹ́yìn náà ni yímíyímí á dé, wọ́n á tú u ká, wọ́n á sì kó apá kan rẹ̀ wọlẹ̀. Bó bá yá, olú á hù lórí rẹ̀, èhù igi á yọ, títí tí kò fi ní yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́.

Ìnàkí ò fi bẹ́ẹ̀ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n ìtẹ́ rẹ̀ ń tú u fó. Ní ìrọ̀lẹ́, ìnàkí kọ̀ọ̀kan tó ti já lẹ́nu ọmú á tẹ ẹ̀ka igi pọ̀ lókè, á fi ṣe ibùsùn, ọ̀la á sì tún ṣe òmíràn níbòmíràn. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ nìkan ló ń pín ọ̀kan. Ìtẹ́ tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, àná tàbí ìjẹta ni. Èyí tí ewé rẹ̀ ti pọ́n ti pẹ́ díẹ̀. Tó bá ku igi nìkan, ó ti di ohun àtijọ́. Bí ìtẹ́ tútù márùn-ún bá wà pa pọ̀ lórí igi tó súnmọ́ra, ìnàkí márùn-ún ó kéré tán ló sùn níbẹ̀.

Báwo ni ìgbẹ́ ṣe ń di iye erin?

Ká ní ẹ fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń gbé nínú ilé kan láìwọlé. Ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ń mu pure water mẹ́fà lóòjọ́, ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó o, ọgbọ̀n nílọ́ọ̀nù ló yẹ kó wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ka 120, èèyàn mẹ́rin nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé akólẹ̀kódọ̀tí kò wá fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ẹ kò sì mọ̀, èèyàn méjì péré ni ẹ ń pè ní mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti erin. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ìwádìí máa ń gbà pé erin igbó kan ń yàgbẹ́ nǹkan bí ìgbà 17 sí 20 lójúmọ́. Ká mú 18. Ká tún ní ìgbẹ́ kan á wà nílẹ̀ fún 50 ọjọ́ kó tó pòórá. 18 lọ́nà 50 jẹ́ 900. Ìyẹn ni pé nígbàkúùgbà tí ẹ bá wọ igbó, ìgbẹ́ 900 ló yẹ kó wà nílẹ̀ fún erin kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni a ṣe ń ka ìgbẹ́ gbogbo igbó? A kì í kà á tán. Wọ́n á fi kọ́ńpáàsì la ìlà tó tọ́, wọn ò ní gba ojú ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀nà ni erin fẹ́ràn láti máa gbà, torí náà ìgbẹ́ á pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá ti rí ìgbẹ́ kan, wọ́n á fi tépù wọn bó ṣe jìnnà sí àárín ìlà náà tó. Ìwọ̀n yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ojú àwọn ò lè rí gbogbo ohun tó jìnnà, kí wọ́n lè ṣírò bí ibi tí wọ́n rí dáadáa ṣe fẹ̀ tó.

Nọ́ńbà àpẹẹrẹ lásán nìwọ̀nyí. Wọ́n rin kìlómítà 25, ibi tí ojú wọn ká dáadáa jẹ́ mítà méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ilẹ̀ tí wọ́n wò jẹ́ 0.1 kìlómítà níbùú lóròó. Wọ́n rí ìgbẹ́ mẹ́sàn-án. Ìyẹn jẹ́ 90 nínú kìlómítà kan níbùú lóròó. 90 pín sí 900 jẹ́ 0.1, tàbí ká ní erin kan nínú kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóròó.

Ibi tí ìròyìn ti ń yapa nìyí. Bí ẹnì kan bá gbà pé ibi tí erin ń rìn dé kò ju 200 kìlómítà níbùú lóròó lọ, á gbé erin 20 jáde. Bí ẹlòmíràn bá fi gbogbo 1,300 ti igbó náà ṣe é, tòun ti oko kòkó àti abúlé, á gbé 130 jáde. Wọn ò purọ́ fúnra wọn, ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ni kò bára mu. Bí ìgbẹ́ bá ń pẹ́ tó 100 ọjọ́ nínú igbó ọ̀hún dípò 50, ìdajì iye náà ló wà. Ìgbà tí ìgbẹ́ ń pẹ́ dé yìí sì ń yí padà pẹ̀lú òjò, pẹ̀lú ohun tí erin jẹ, pẹ̀lú bí yímíyímí ṣe pọ̀ tó. Ó yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́ nínú igbó náà gan-an, ní àsìkò kan náà, kàkà kí wọ́n yá a láti ilẹ̀ mìíràn.

Ìgbẹ́ mẹ́sàn-án pàápàá kéré jù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fẹ́ rí tó 60, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbára lé ìṣirò náà. Ìdí nìyí tí ìwé ìwádìí tó dáa fi máa ń kọ ọ́ pé erin wà láàárín iye báyìí sí iye báyìí. Oníròyìn á wá mú èyí tó ga jù, á fi ṣe àkọlé.

Ọ̀nà kan wà tó dájú ju èyí lọ, ó kàn wọ́n lówó ni. Lára ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, awọ ìfun erin máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n lè yọ DNA láti inú rẹ̀, kí wọ́n mọ erin kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, akọ àti abo.

Kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ igi ńkọ́?

Kámẹ́rà yìí ní ojú kan tó ń mọ ooru. Bí ohun tó gbóná tàbí tó tutù ju àyíká rẹ̀ lọ bá rìn kọjá, á ya fọ́tò fúnra rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Èyí náà ni àléébù rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan tí gbogbo igbó ti gbóná tó ara ẹran, ó lè má rí nǹkan kan. Ahun àti òjòlá tí ara wọn kì í gbóná lọ́tọ̀, ó sábà máa ń fo wọ́n. Ewé tí oòrùn bà, tí atẹ́gùn sì ń fì, á mú kó ya ẹgbẹ̀rún fọ́tò asán kí bátìrì tó kú.

Bí wọ́n ṣe ń so ó: fún ẹtu, òkété, òòrẹ̀ àti túùkú, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50 láti ilẹ̀, ibi orúnkún. Bó bá ga jù, orí ẹtu nìkan lẹ ó rí, òkété á sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kó jìnnà sí ojú ọ̀nà ẹran ní mítà méjì sí mẹ́rin. Kó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù kí oòrùn àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ má baà fọ́ ọ lójú. Kí ẹ dà á díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹran lè pẹ́ nínú àwòrán. Ẹ gé ewé àti koríko iwájú rẹ̀, ẹ má gé ju ìyẹn lọ. Ẹ tún ọjọ́ àti aago rẹ̀ ṣe, torí pé fọ́tò tí aago rẹ̀ kò tọ̀nà kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí ẹran ń rìn. Kí ẹ tó lọ, ẹ rá pálá níwájú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó yà yín.

Ti erin yàtọ̀. Erin kì í fẹ́ràn ohun àjèjì lára igi, á fi ọwọ́jà fà á tu, á sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á gbé tirẹ̀ sókè tó mítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ọ̀tá kámẹ́rà tó tún burú ni ọ̀rinrin. Wọ́n máa ń fi àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, sínú rẹ̀. Èèrà ni ìkẹta. Ó lè sọ inú kámẹ́rà di ilé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì kó ẹyin sórí bátìrì. Olè sì wà, nítorí náà ẹ̀wọ̀n irin àti kọ́kọ́rọ́ dandan ni. Kí wọ́n tó so ó, ó yẹ kí wọ́n sọ fún ará abúlé, torí fọ́tò àgbẹ̀ tàbí ẹni tó ń lọ ṣẹ́gi kì í ṣe ohun tó yẹ kó bọ́ sí gbangba.

Fọ́tò 200 kì í ṣe ẹran 200. Ẹtu kan lè dúró jẹ èso níwájú kámẹ́rà fún ìdajì wákàtí, kó di àwòrán 80. Àdéhùn tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé gbogbo fọ́tò ẹran kan náà láàárín 30 ìṣẹ́jú, ẹyọ kan ni. Àgbọ̀nrín ni a lè fi ìlà àti tóótòòtó ara rẹ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, erin ni a lè fi etí tó ya tàbí eyín tó ṣẹ́ mọ̀. Ẹtu ò ṣeé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀bọ tó ń gbé lókè, kámẹ́rà tó wà ní ibi orúnkún kò ní rí i láé, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀bọ.

Igi tí orí rẹ̀ wà ní mítà ogójì, báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Ìdí igi ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí àràbà ní apá ńlá tó là jáde, nígbà tó wà léwe ara rẹ̀ á máa hu ẹ̀gún. Ẹ fi ọ̀bẹ gé èèpo díẹ̀, tí kò ju èékánná lọ, ẹ má ṣe gé e yípo, torí ìyẹn lè pa igi. Ìrókò á sun oje funfun. Ọ̀gànwó kò ní sun oje funfun, ṣùgbọ́n inú èèpo rẹ̀ á pọ́n, á sì korò gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ewé tó já bọ́. Ewé arère ya bí ìka ọwọ́, ó sì máa ń já bọ́ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ti ọmọ, igi tí àwọn onílù ń gbẹ́ ìlù lára rẹ̀, gbòòrò. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé ewé tó wà nílẹ̀ lè jẹ́ ti igi ẹ̀gbẹ́, tàbí ti ìtàkùn tó gun orí igi náà. Ẹ fi awò wòkè, kí ẹ rí i pé ewé méjèèjì dọ́gba.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó mọ igi bá yín dá a mọ̀, fọ́tò ewé kan kò tó. Ẹ ya iwájú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀ka kékeré tó fi bí ewé ṣe tò hàn, èèpo, ìdí igi, àti èso tó bá wà, kí ẹ fi owó ẹyọ tàbí ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi.

Èmi náà fẹ́ wọlé wò. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà, kí ẹ sì bá ẹ̀ṣọ́ rìn. Pakuté onírin àti ìbọn ìdẹ wà nínú igbó tí ojú àjèjì kò ní rí. Fún ìbẹ̀rẹ̀, ìlú ńlá náà ní ibi tó dáa. Ní Ìbàdàn, igbó inú ọgbà IITA ní ẹyẹ dúdú-pupa kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà sọ, tí kò sì sí níbòmíràn láyé ju apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ. Ní Lekki Conservation Centre, ọ̀bọ ti mọ èèyàn, afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 sì wà níbẹ̀.

Aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni mẹ́rin sí mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan ẹ jókòó. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Kìlómítà kan fún wákàtí kan ni ìrìn tó yẹ, kí ẹ sì máa dúró ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ló ń yára jù. Ní ti awò tí a fi ń wo òkèèrè, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 8×42 sí lára. Mẹ́jọ ni bó ṣe ń fa nǹkan súnmọ́, 42 ni fífẹ̀ ojú rẹ̀ ní mìlímítà. Nínú òkùnkùn ẹgàn, ojú tó fẹ̀ ló ń kó ìmọ́lẹ̀ wọlé. 10×25 kékeré tí wọ́n ń tà ní ìrọ̀rùn á fi òjìji hàn yín.

Dípò kí ẹ máa lé ẹran kiri, ẹ wá igi tó ń so. Ọpọ̀tọ́ tó pọ́n á kó ẹyẹ àti ọ̀bọ jọ láti àárọ̀. Ọ̀bọ kì í jẹ tán, ohun tó bá já bọ́ ni ẹtu ń wá ṣa nísàlẹ̀. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wákàtí méjì, ẹ ó rí ju ẹni tó rin kìlómítà mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá bá ìjàlọ lójú ọ̀nà, ẹ yà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ wòkè, torí àwọn ẹyẹ kan ń tẹ̀ lé ìjàlọ láti jẹ kòkòrò tó ń sá fún wọn. Lóru, igbe tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tó ń ga sí i títí tó fi di ariwo tí ń dẹ́rù bani, òfàfà ni. Ẹran náà kò ju ehoro lọ.

Bàtà tó bo kókósẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, torí ọká máa ń sùn sáàárín ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tiwọn. Ẹ má fọwọ́ kan òkú ẹran, ẹ má sì wọlé pẹ̀lú ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn, torí ìnàkí ń kó àrùn wa, ó sì lè pa á. Bí ẹ bá bá ìgbẹ́ erin tó ṣì gbóná, ìsọfúnni nìyẹn pé kò jìnnà. Ẹ dúró, ẹ mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ pa dà gba ọ̀nà tí ẹ gbà wá, pàápàá bí ọmọ bá wà láàárín wọn.

Nípa fóònù: fọ́tò tí ẹ bá yà máa ń gbé ibi tí ẹ ti yà á sínú ara rẹ̀. Ẹ pa ìtọ́ka ibùdó kámẹ́rà kí ẹ tó wọ igbó. Lórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń gbé fọ́tò ẹran àti igi sí, bí ẹ bá gbé ẹran tó fẹ́ run sórí rẹ̀, ètò náà máa ń fi ibi gan-an pa mọ́ fúnra rẹ̀. Lórí WhatsApp, fọ́tò lásán kì í gbé ibùdó lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ abúlé tó wà nínú àkọlé yín náà tó fún ẹni tó ń wá eyín erin. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti tó láti kọ.